Thimphu: $100 lálaalẹ́, aago méjì ọ̀sán, ilẹ̀kùn sì wà ní títì

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ilé-iṣẹ́ tó ṣètò ìrìn-àjò yìí kọ sínú ìwé pé a ó wọ Tashichho Dzong, ilé olódi ńlá tí ìjọba àti àwọn mọ́ńkì jọ ń lò ní Thimphu, olú-ìlú Bhutan. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò pariwo, kò jiyàn. Ó kàn tọ́ka sí aago ọwọ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì ọba wà nínú ilé yẹn. Bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, àlejò kì í wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀, àfi bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń relé, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Sátidé àti Sọ́ńdè ni wọ́n ń ṣí i láti àárọ̀. Ẹni tó ń ta ìrìn Thimphu jẹun kò mọ èyí?

Mo pe ọ́fíìsì wọn. "Ẹ wò ó láti ìta ná, la." ("La" yìí ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni níbẹ̀, bí àwa ṣe ń fi "sà" parí ọ̀rọ̀.) Láti ìta kẹ̀! Ohun tó tún bí mi nínú ni pé wọ́n lọ́ owó pọ̀ mọ́ra. Ẹ tú u wò kí ẹ tó sanwó: $100 lálẹ́ kan lórí àgbàlagbà jẹ́ ti ìjọba, àti $40 fún físà; ọmọ ọdún 6 sí 12 ń san ìdajì. Hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ àti ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Afinimọ̀nà wa ló gba ọjọ́ náà là. Ó ní ká lọ yí Memorial Chorten, ilé ìrántí mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Buddha, ká títí ilẹ̀ yóò fi tutù. Ẹ jẹ́ kí chorten wà lápá ọ̀tún yín bí ẹ ṣe ń yí i. Ẹni tó bá gba òdìkejì, gbogbo àwọn àgbàlagbà tó ń gbàdúrà ni yóò máa pàdé lójú kojú. Ní Norzin Lam, òpópónà àárín ìlú, ọlọ́pàá kan nínú ahéré aláràbarà ń fi ọwọ́ darí ọkọ̀. Wọ́n gbé iná ojú pópó síbẹ̀ rí, ará ìlú kọ̀ ọ́, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ère Buddha orí òkè ńkọ́? Gbogbo ayé ti rí fọ́tò rẹ̀.

Ní aago márùn-ún, a padà sí dzong. Fìlà bọ́ sílẹ̀, apá aṣọ gùn dé ọrùn ọwọ́. Afinimọ̀nà yọ kabney funfun, ìborùn gígùn tí ọkùnrin fi ń wọ ibi ọ̀wọ̀, láti inú ọkọ̀, ó gbé e kọ́ èjìká òsì lórí gho rẹ̀, aṣọ ìbílẹ̀ ọkùnrin níbẹ̀. Láìsí i, òun gan-an kò lè wọlé. Wọ́n ń sọ àsíá kalẹ̀, gbogbo àgbàlá sì dákẹ́ rọ́rọ́. Inú mi rọ̀ níbẹ̀. Ẹ lè ya fọ́tò ní àgbàlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú tẹ́ńpìlì.

Ẹni tó bá ń fi ata rodo yangàn, kó jẹ ema datshi: ata ni ẹ̀fọ́ rẹ̀, wàràkàṣì ni omi ọbẹ̀. Ti hòtẹ́ẹ̀lì ti dẹ̀ jù. Ẹ ní kí afinimọ̀nà mú yín lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń jẹun. Ẹ mú owó lọ́wọ́, torí káàdì òkèèrè máa ń kọ iṣẹ́. Ìlú náà ga ju mítà 2,200 lọ, nítorí náà ẹ rọra gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Paro ni pápákọ̀ òfuurufú wà, ojúmọmọ nìkan ni bàálù ń balẹ̀ níbẹ̀, kùrukùru sì lè dá a dúró: ẹ fi alẹ́ kan sílẹ̀ ní Bangkok tàbí Delhi kí ẹ tó wọ bàálù ilé.

Máàkì: 2 nínú 5. Afinimọ̀nà ló ni méjèèjì.