Intl.DateTimeFormat fún déètì Yorùbá: ohun tójú mi rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ JavaScript, mo ti lo Intl.DateTimeFormat, irinṣẹ́ inú JavaScript tó ń kọ déètì ní èdè tá a bá fẹ́, dáadáa lórí wẹ́ẹ̀bù ìwé ìpè ìgbéyàwó tí mo ń ṣe, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń to orúkọ oṣù, Ṣẹ́rẹ́, Èrèlè, Ẹrẹ̀nà títí dé Ọ̀pẹ̀, kí n tún máa rántí pé látorí òdo ni getMonth, tó ń sọ nọ́ńbà oṣù, ti ń kà, pé 2 ló ń pe oṣù kẹta. Ní báyìí mo kàn kọ 'yo-NG' (Yorùbá ti Nàìjíríà), mo fi weekday: 'long' àti month: 'long' sí i kó lè kọ orúkọ ọjọ́ àti oṣù ní kíkún, ó ti gbé Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Ẹrẹ̀nà jáde tàmìtàmì. Kò sí library (kóòdù tẹ́lòmíì ti kọ sílẹ̀) tá a fẹ́ gbé wọlé, inú bùráúsà ló wà. Ẹ tún gbìyànjú 'yo-BJ', ẹ máa rí ɛ àti sh dípò ẹ àti ṣ, bí àwọn èèyàn wa ní Benin ṣe ń kọ ọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pe ẹ̀gbọ́n mi kó wá wò ó.

Ibi tó ti fìyà jẹ mí ni timeZone, ìyẹn aago ìlú tó máa fi ka déètì. Mo kọ new Date('2026-03-14') fún ìgbéyàwó kan, gbogbo ẹ̀ dáa n'Íbàdàn, àfi bí àǹtí ìyàwó ṣe pè láti Houston, wọ́n ní ṣé wọ́n ti fà á wá sí Friday ni, ọjọ́ 13 làwọn ń rí o. Àyà mi já. Déètì tí ò bá ní aago lẹ́yìn, UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n, ni JavaScript ń kà á sí, aago méjìlá òru UTC sì rèé, aago méje alẹ́ àná ẹ̀ ni ní Houston, tẹ́ ò bá sì sọ nǹkan kan, aago fóònù ẹni tó ń wò ó ló máa lò. Mo fi timeZone: 'Africa/Lagos' sí i, ó parí. Ẹ má ṣe fọwọ́ ro wákàtí kan mọ́ ọn o, torí London máa ń yí aago wọn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn aago kan náà la jọ ń lò, nígbà òtútù a fi wákàtí kan ṣíwájú wọn.

Ohun tó ṣì ń dùn mí ni hour12: true, tó ń fi wákàtí 12 kọ aago. Àárọ̀ àti Ọ̀sán nìkan ló mọ̀, páátì aago mẹ́sàn-án alẹ́, Ọ̀sán ló máa kọ sí i! Àwa tá a ní ìdájí, ìyálẹ̀ta, ìrọ̀lẹ́, alẹ́, òru. Wákàtí 24 ni mo ń lò báyìí, tí oníbàárà bá ní dandan kó jẹ́ "alẹ́", màá fọwọ́ ara mi kọ ìyẹn sínú kóòdù.