Oṣù méje tí iléeṣẹ́ kan fi bá mi ta ilé

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ló mú mi kọ èyí. Tọkọtaya kan ti gbà láti ra ilé mi, a ti fẹnu kò lórí owó, wọ́n wá ní àwọn fẹ́ wọn fèrèsé kí àwọn lè tètè rán kọ́tìnì. Aago méje ààbọ̀ alẹ́ ni wọ́n dé. Láti fèrèsé òkè ni mo ti ń wò wọ́n. Wọ́n kọjá níwájú ilé, wọn ò rí ibi tí wọ́n máa gbé ọkọ̀ sí, wọ́n lọ yí po. Wọ́n tún kọjá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ níwájú wọn, àyè kò sì sí tí méjèèjì lè fi pàdé. Ni ọkùnrin náà bá ń fi ẹ̀yìn rìn padà sí ìkóríta. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ "kàà!" Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ gbá ọkọ̀ tí ẹnì kan gbé sí etí títì.

Kí n tó sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù dígí sínú bébà. Kò pariwo rárá. Ó gbójú sókè, ó ní, "Mà, ṣé bó ṣe máa ń rí lálaalẹ́ nìyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa."

Wọn ò wọlé wá wọn fèrèsé mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti kọ̀wé pé àwọn ò rà á mọ́.

Mi ò ní kọ iye yàrá tàbí bí ilé ìdáná ṣe rí, ìyẹn wà nínú ìpolówó. Òtítọ́ ni pé iléeṣẹ́ tó ń bá mi ta ilé ya fọ́tò inú rẹ̀ dáadáa. Wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi kí ilé tó tà, bí mo bá pè wọ́n, wọ́n máa ń gbé e. Ohun tó bí mi nínú ni ohun tí mo rí nígbà tí mo ṣí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Mo ka gbogbo ìgbà tí éjẹ́ǹtì mú èèyàn wá. Ènìyàn 19 ni. Gbogbo wọn pátá, láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá ọ̀sán, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀. "Aago mọ́kànlá ló dáa jù, mà, oòrùn máa ń wọ pálọ̀ dáadáa nígbà yẹn." Mo sì gbà á gbọ́! Aago mọ́kànlá ni gbogbo àdúgbò máa ń wà níbi iṣẹ́, títì á wá dà bíi pápá ìṣeré. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nínú ìpolówó, wọ́n kọ ọ́ pé "àyè ọkọ̀ wà níwájú ilé." Mẹ́ta nínú àwọn 19 yẹn ló ti dúnàádúrà, tí wọ́n sì pẹ̀yìn dà láìsọ ìdí. Wọ́n ti padà wá wo ibẹ̀ lálẹ́ fúnra wọn ni, ó dá mi lójú báyìí. Ta ló máa kówó ńlá sílẹ̀ tí kò ní yọjú lálẹ́ wo ibi tó fẹ́ máa gbé?

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gá wọn fún mi ní àga, ó sì fẹ̀sọ̀ gbọ́ mi tán, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ohun tó sọ nígbà tí mo parí ni: "Màmá, ilé là ń tà, a kì í ta títì."

Mo bi í pé, "Ẹni tó bá ra ilé, ṣé òfuurufú ni yóò máa gbà wọlé?" Kò fèsì. Ó ní kí n dín owó kù.

Mo ti dé orí àtẹ̀gùn, ara mi ṣì ń gbọ̀n, nígbà tí ọmọbìnrin kan tó jókòó sí igun tẹ́lẹ̀ sáré tẹ̀ lé mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n wá wò ó lálẹ́."

Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kejì ló dé, òun pẹ̀lú tépù àti ọkọ̀ tirẹ̀. A jọ wọn títì náà: mítà 5.6. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ fún mi lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tí kò tóbi, téèyàn bá ka dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ọn, ń fẹ̀ tó mítà 2. Bí wọ́n bá tò sí ọ̀tún àti òsì, mítà 1.6 ló ṣẹ́ kù láàárín. Ìdí nìyẹn tí àwọn aládùúgbò fi ń gun ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tí àwọn tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ sì ń rìn lójú títì. Ó ní ọkọ̀ panápaná máa ń fẹ̀ tó mítà 2.5. Mi ò ronú kan ìyẹn rí ní gbogbo ọdún tí mo fi gbé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì bà mí lẹ́rù gan-an.

Ó tún wọn iwájú ilé. Ó gùn tó mítà 5.1, ọkọ̀ lè gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá wà ní òdìkejì, kò sí bí èèyàn ṣe lè yí wọ géètì. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Òógùn bò ó, táyà rẹ̀ ń họ etí títì, kò wọlé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Mà, mi ò lè kọ ọ́ mọ́ pé àyè ọkọ̀ wà."

Ohun tó kọ nìyí: lálẹ́, kò sí àyè ọkọ̀ níwájú ilé, ibi tó ṣeé gbé ọkọ̀ sí jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú 6, ibùdókọ̀ èrò jẹ́ ìṣẹ́jú 3. Ó fi fọ́tò títì lálẹ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá rẹ̀ yọ fọ́tò yẹn kúrò. Ìgbà tí mo kọ̀wé sí i gẹ́gẹ́ bí onílé pé kó dá a padà ló tó fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ènìyàn mẹ́rin péré ló wá láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kò sí ohun tó ya ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́nu. Ẹni kẹrin jẹ́ nọ́ọ̀sì tí kò ní mọ́tò, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọkọ̀ tó tò lọ rẹrẹrẹ, ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń fọn fèrè lóru?" Mo ní rárá. Ó wọlé. Òun ló ra ilé náà. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ṣùgbọ́n ìdá 6 nínú 100 ni mo yọ kúrò nínú owó tí mo kọ́kọ́ pè, wọ́n sì gba kọmíṣọ̀n wọn pé pérépéré. Lẹ́tà ìkíni kú oríire tí wọ́n fi ránṣẹ́, orúkọ ọ̀gá nìkan ló wà níbẹ̀, wọn ò dárúkọ ọmọbìnrin yẹn. Ti dígí ọkọ̀ tọkọtaya yẹn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi mí. Èmi ni mo san án.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5.