Eré tó mú Bàbá Wálé gbé fóònù sílẹ̀

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni tíkẹ́ẹ̀tì eré orí ìtàgé náà, a sì ra méjì. Láti ilé ni Bàbá Wálé ti ń kùn: "Eré tọkọtaya ni n ó tún máa sanwó wò, èmi tí mo ti ń bá ọ gbé láti ọdún 31 sẹ́yìn?" Aago mẹ́rin ni wọ́n dá, aago márùn-ún ààbọ̀ kọjá kí wọ́n tó ṣí aṣọ ìkélé.

Nínú eré náà, bàbá arúgbó kan ló ń tọ́jú ìyàwó rẹ̀ tí iyè rẹ̀ ti ra. Ìyá ò dá ọkọ mọ̀ mọ́, "ẹ̀gbọ́n" ló ń pè é, bí àlejò. Ibi tó mú mi jù ni ibi tí bàbá ti ń wé gèlè fún un. Ó wé e, ó tú. Ó tún wé e, ó tún tú. Nígbà tó dúró tán, ìyá wo dígí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkọ mi ló kọ́ yín ni?" Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Bàbá Wálé tó ń tẹ fóònù dáwọ́ dúró.

Ọmọ wọn tó ti òkè òkun dé ni ò dùn mọ́ mi: ìwàásù ló ń ṣe, kì í ṣe eré. Onílù náà ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Eré tọkọtaya yìí mú mi rántí Dúró Ládípọ̀ tó ṣe Ṣàngó, tí Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ṣe Ọya, nínú eré Ọba Kò So. Ọkọ kú ní 1978, Abíọ́dún ò fi ìtàgé sílẹ̀.

N ó tún lọ wò ó. Nínú mọ́tò, Bàbá Wálé dákẹ́ títí, ó wá ní: "Ìyá Wálé, báwo ni wọ́n ṣe ń wé nǹkan yẹn gan-an?"