Wọ́n ní orúkọ mi kì í ṣe orúkọ mi: àgbéyẹ̀wò báǹkì oúnjẹ àdúgbò wa ní London

Orúkọ ni wọ́n fi dá mi padà ní báǹkì oúnjẹ, ibi tí àwọn aláàánú ti ń fún ẹni tí kò ní ní oúnjẹ. Kì í ṣe pé mi ò ní fáúṣà, ìwé tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ níbẹ̀, kì í sì í ṣe pé mo pẹ́ dé. Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2025. Mo ti wà lórí ìlà lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà láti aago 10:30, mo pọn ọmọ mi kékeré, mo di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Nígbà tó kàn mí, ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà wo fáúṣà, ó wo pásípọ́ọ̀tù mi, ó tún wo fáúṣà. Ó ní orúkọ ò bára mu. Mo ní báwo? Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì tó kọ fáúṣà náà ti fi orúkọ ọkọ mi ṣe orúkọ àkọ́kọ́, ó ti orúkọ tèmi sẹ́yìn, ó sì jẹ lẹ́tà méjì nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí orúkọ yín gùn nílùú yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ní ọ́fíìsì dókítà, èèyàn kan ni mí. Ní ilé ìwé ọmọ mi, èèyàn mìíràn. Lọ́jọ́ yẹn, mo di ẹnìkẹta tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrẹsì.

Mo ní, "Èmi náà ni." Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n òfin ni, kí n lọ bá nọ́ọ̀sì kó tún un kọ. Mo ní nọ́ọ̀sì ti gba ìsinmi, ó di ọjọ́ Ajé. Ó ní "sorry". Kò pariwo, kò yájú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, torí ká ní ó yájú ni, mi ò bá rí nǹkan bá a fà. Arábìnrin tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà, a jọ ń kọrin nínú kúáyà ni. Ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀ bí ẹni tó ń ka èsì ìdánwò. Èmi náà ò rí i. A jọ ò rí ara wa, mo sì jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ Ọ́gọ́ọ̀sì. Láti September 2023 ni gbogbo ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní London ti ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ò ní mọ bí abọ́ kan lójúmọ́ yẹn ṣe ń gbé yín dúró tó, àfi tí wọ́n bá ti ilé ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣáájú ìgbà yẹn, bàbá arúgbó tí ọkọ mi ń tọ́jú ti wọ ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ kíà mọ̀ pé tí aláìsàn bá ti lọ ọsibítù, wákàtí yín ti bá a lọ nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ò lé ọkọ mi, wọn ò kàn pè é mọ́.

Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ọkọ mi kọ̀ jálẹ̀ pé a ò ní lọ síbẹ̀. Ìwé ìgbélùú wa sọ pé a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìjọba, ẹ̀rù sì ń bà á pé tí wọ́n bá rí orúkọ wa lórí ìwé àwọn aláàánú, físà ti lọ. Ẹ gbọ́ o, kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ìjọba tí wọ́n ń sọ ni Universal Credit (owó ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó), owó oṣooṣù tí wọ́n ń san lórí ọmọ, ìrànlọ́wọ́ owó ilé àti irú wọn. Oúnjẹ tí ẹgbẹ́ aláàánú gbé fúnni kò sí lára rẹ̀. Mo ti rí tọkọtaya tó ń fi gààrí àti omi ẹ̀rọ sùn nítorí àìmọ èyí.

Mo padà sí ibùdókọ̀. Póùn 1.75 ni owó bọ́ọ̀sì nígbà náà, tí ẹ bá sì ti san án, ẹ lè wọ òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín wákàtí kan, mo sì ti ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn pé ìlà ti jẹ wákàtí tèmi, n óò tún san owó. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún.

"Ọmọ mi, ibo lo dé? Má tíì wọ bọ́ọ̀sì o."

Ohùn àgbà, Yorùbá Ìjẹ̀bú. Mo ní, "Ẹ káàsán, mà. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mà?"

"Èmi ni mo wà nídìí tíì. Mo rí i bí o ṣe jáde. Padà wá, gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé. Má gba iwájú."

Nọ́ńbà mi ni màmá rí lórí fáúṣà náà, èyí tí wọ́n ní kì í ṣe tèmi. Kí n tó dé, wọ́n ti pe ọ́fíìsì àwọn nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì mìíràn sì ti tún orúkọ náà kọ. Ìpè kan ṣoṣo ni. Mo béèrè ìdí tí ọ̀dọ́bìnrin yẹn ò fi lè ṣe ìpè yẹn. Màmá ní, "Wọn ò sọ fún un pé ó lè ṣe é." Wọ́n bu tíì fún mi, wọ́n fi ṣúgà mẹ́ta sí i láì bi mí. Wọ́n ní orúkọ ìyá tó bí àwọn gan-an, òdì ni wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé òkú rẹ̀ níbí, àwọn sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án tún un ṣe kí wọ́n tó lè sin ín.

Ètò fáúṣà yìí kì í ṣe tiwọn nìkan. Trussell, ẹgbẹ́ aláàánú tó ṣí báǹkì oúnjẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Salisbury ní ọdún 2000, náà ń lò ó. Dókítà, olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ àdúgbò ló máa ń kọ ọ́, oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sì ni wọ́n ń gbé fúnni. Ẹgbẹ́ tèmi yìí dá dúró ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹ̀lé irú ìlànà yẹn. Mi ò bá wọn jà lórí ẹ̀. Nílé náà, ta ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń yá lówó láìsí onídùúró? Àmọ́ onídùúró tó bá mọ ojú mi tí kò mọ orúkọ mi kọ, kí ni ká ti ṣe tiẹ̀?

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ má retí nǹkan púpọ̀. Ẹ̀wà agolo mẹ́ta, ẹ̀wà inú tòmátò tí wọ́n fi ṣúgà sè, Olúwa mi. Sùpàgẹ́tì, ìrẹsì kékeré kan, mílíìkì inú páálí, tíì, ọ́ọ̀tì, èso inú agolo. Kò sí iyọ̀. Kò sí ata. Òróró ò sí. Lẹ́ẹ̀kan tí mo kọ́kọ́ lọ ní July (ilé ìwé ló kọ fáúṣà ìyẹn, wọ́n sì mọ orúkọ mi kọ), méjì nínú àwọn agolo náà ò ní òrùka tí wọ́n fi ń fà á, a ò sì ní ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo nílé. Mo gbé ọ̀bẹ, mo gún un ní ihò méjì bí a ṣe máa ń ṣe agolo mílíìkì: ihò kan fún mílíìkì, ihò kan fún afẹ́fẹ́. Ẹ̀wà kì í gba irú ihò bẹ́ẹ̀ jáde. Ọmọ mi obìnrin jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń gbọn agolo sórí abọ́.

Ìdí nìyẹn tí omi fi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ Màmá Ìjẹ̀bú. Kí wọ́n tó gbé àpò kankan, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi mí. Gáàsì ni mo fi ń dáná tàbí iná mànàmáná? Èló ló kù nínú mítà? Ṣé mo ní ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo? Mo ní iná mànàmáná ni, póùn kan àti pẹ́ńsì 40 ló kù, rárá, mi ò ní. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ kan, irin kékeré elétí méjì ló wà níbẹ̀, ó pọ̀ bí ṣíbí ilé àríyá. Wọ́n mú ọ̀kan sọ sínú àpò mi. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tilẹ̀ ní iná ìdáná, àpò tirẹ̀ wà lọ́tọ̀: núdù, ọbẹ̀ inú páálí, ohun tí omi gbígbóná láti inú kẹ́tùlù nìkan tó fún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní ìwé tí mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fi póùn 30 sórí kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń san owó iná sínú mítà wa. Lábẹ́ tábìlì, wọ́n yọ ọ̀rá gààrí kan. Onísọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa ló ń kó o wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í sí lórí tábìlì torí àwọn òyìnbó ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

Bí mo ṣe ń jáde, ọ̀dọ́bìnrin tó dá mi padà ló wà nídìí aṣọ ilé ìwé. Ilé kan náà ni, wọ́n máa ń gba yúnífọ́ọ̀mù àti bàtà lọ́wọ́ àwọn tí ọmọ wọn ti dàgbà jù ú lọ. Mo fẹ́ kọjá. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ mi lé bébà, ó fi bírò yí i ká, ó fi ìka tẹ ibi àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ní kí a mú nọ́ńbà kan tó jù ú lọ, nítorí Kérésìmesì kò ní bá ẹsẹ̀ yẹn bó ṣe wà. Kò bẹ̀ mí. Ó lọ sẹ́yìn, ó pẹ́, ó gbé bàtà dúdú kan jáde tí ó ti fi pólíìṣì nù dán. Kò bẹ̀ mí síbẹ̀. Ọmọ mi wọ bàtà yẹn sùn.

Ẹ̀dùn ọkàn mi tó kù rèé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni, aago 11 sí aago 1. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta péré lóṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ìyẹn ẹ ó tún jókòó ṣàlàyé ayé yín fún ẹlòmíràn. Ìlà wà ní ìta gbangba, níbi tí gbogbo bọ́ọ̀sì ń kọjá. Tí Màmá Ìjẹ̀bú ò bá sì wá lọ́jọ́ kan, ẹnu ọ̀nà iwájú nìkan ló wà. Mo lọ lọ́jọ́ kan tí wọn ò wá. Mo gba ẹ̀wà oníṣúgà mi, mo lọ.

Ẹ gbé àpò tó nípọn lọ, tiwọn máa ń ya. Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń kọ fáúṣà, ẹ ní kó ka orúkọ yín sí yín létí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Arábìnrin kúáyà yẹn jókòó tì mí lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ó ti gààrí díẹ̀ nínú ọ̀rá bọ àpò mi, kò sọ nǹkan kan. Mo mọ ọ̀rá náà.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Lọ́jọ́bọ̀, aago 10:30, mo ti wà lórí ìlà.