Ìwé Dag Solstad tí mo rà ní Garki

Àwọn kan ń bi mí níbi tí mo ti ń rí ìwé tòkunbọ̀ rà l'Ábújá, ẹ jẹ́ n sọ ti bàbá ọmọ Ọ̀fà kan tó ń pàtẹ ìwé ní Garki. Mo ti ra ìwé níbòmíì rí tí ewé bíi ogún já kúrò nínú ẹ̀, mo dá a padà, wọ́n ní àwọn ò gbà á. Ti bàbá yìí yàtọ̀ pátápátá, ojú ẹ ló ti máa ṣí ìwé yẹn ní ewé-ewé títí dé ẹ̀yìn kó tó gbowó.

Òun ló na Shyness and Dignity sí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ mú eléyìí, iṣẹ́ yín ló wà nínú ẹ̀." Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà péré. Dag Solstad ló kọ ọ́, ará Nọ́wè, mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.

Ẹ gbọ́, mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn lálẹ́ Fráìdè, ilẹ̀ mọ́ mi sí i. Tíṣà kan ní Oslo, Elias Rukla, ń kọ́ àwọn ọmọ ní The Wild Duck, eré tí Ibsen, òǹkọ̀wé eré ará Nọ́wè, kọ, ó wá rí nǹkan tuntun lẹ́nu ẹnì kan tí ipa ẹ̀ ò tó nǹkan nínú eré yẹn, inú ẹ̀ ń dùn, àwọn ọmọ ò tiẹ̀ rí tiẹ̀ rò, ó ti sú wọn. Kílàásì mi gan-an nìyẹn lẹ́yìn bíréèkì, iná ò sí, fáànù ò yí, gbogbo wọn ń yán. Bí Rukla ṣe jáde báyìí òjò ń rọ̀, agbòòrùn ẹ̀ kọ̀ kò ṣí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi lu ẹ̀rọ omi mímu tó wà nínú ọgbà síkúùlù, ó ń là á mọ́ ọn ó ń là á mọ́ ọn, àwọn ọmọ dúró ń wò ó. Mo ní láti gbé ìwé yẹn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, àyà mi ń já.

Ọdún 1994 ni Solstad gbé ìwé yìí jáde, 2006 ló tó dé lédè Òyìnbó, ọdún méjìlá gbáko! Bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ìwé Nordic Council, ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè bíi Nọ́wè àti Swídìn, lọ́dún 1989 ni, àwọn aṣelámèyítọ́ ìwé ní Nọ́wè sì fún un ní tiwọn lẹ́ẹ̀mẹta. Murakami, òǹkọ̀wé ará Japan tó lókìkí yẹn, fúnra ẹ̀ túmọ̀ ọ̀kan nínú ìwé Solstad sí èdè Japan. Solstad tún bá Jon Michelet, òǹkọ̀wé ará Nọ́wè bíi tiẹ̀, kọ̀wé lórí Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù márùn-ún, látorí ti 1982 dé 1998, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ẹ gbọ́ o. Ó kú ní March 2025, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, mi ò sì rẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, ìyẹn dùn mí gan-an.

Ìwé yẹn ò ní orí kìíní orí kejì o, ó kàn ń lọ ni, ó máa sọ ọ̀rọ̀ kan, á tún padà sọ ọ́, títí tó fi máa wọ̀ ẹ́ lára. Ibi ìtàn Eva ìyàwó Rukla gùn díẹ̀ lójú tèmi, àmọ́ ẹ má fò ó.

Máàkì márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún ìwé, mẹ́rin fún ọjà bàbá torí kò gba tíránsífà, ẹ mú káàṣì dání. Ó ti lóun máa bá mi wá T Singer, ìwé Solstad mìíràn, Sátidé ni mò ń padà lọ.