Cockatiel àkọ́kọ́ yín: ọmọ tí a fi ọwọ́ bọ́ ni, àbí àgbà inú kéèjì?

Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Èmi kì í ṣe ẹyẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí kí ẹ tó sanwó.

Cockatiel ni ẹyẹ kékeré tó jẹ́ ìbátan ayékòótọ́, tó ní ìyẹ́ ṣóṣóró lórí. Oríṣi méjì ni àwọn tó ń tà á l'Ékòó máa ń fi lọni. Ọ̀kan ni ọmọ tí wọ́n tètè yọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń fi sírínjì bọ́ kó lè mọ ọwọ́ ènìyàn. Èkejì ni èyí tó dàgbà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kéèjì, tó máa ń sá bó bá ti rí ọwọ́. Mo ti ra méjèèjì. Ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè ayékòótọ́ o: láti ọdún 2017 ni òfin CITES, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti ka kíkó èyí tí wọ́n mú nínú igbó lọ tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀, ó sì lè pẹ́ láyé ju ẹni tó rà á lọ.

Ní ti ìfẹ́ni, ọmọ ló borí. Ọjọ́ tí tèmi délé ló ti gun èjìká mi. Àgbà máa ń pòṣé, á sì géni jẹ.

Ní ti akọ tàbí abo, àgbà ló dára jù. Nínú àwọn tó ní àwọ̀ eérú, ìyẹ́ ojú akọ máa ń mọ́ yòò ní àwọ̀ ìyeyè (yẹ́lò), ìlà sì máa ń wà lábẹ́ ìrù abo. Ti ọmọ kò ní hàn títí yóò fi pa ìyẹ́ dà, nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Akọ ló sì máa ń súfèé.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wá kù, ibẹ̀ ni owó mi ti wọlẹ̀. Ẹni tó ta ọmọ ẹyẹ fún mi ní, "Ó ti ń dá jẹun." Ẹyẹ kò ṣáà ní ọmú tí a ó já a lẹ́nu rẹ̀, ẹnu ẹni tó ń tà á nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Mo da jéró síwájú rẹ̀, ó ń ṣá a, èèpo ń fò, inú mi ń dùn. Mi ò mọ̀ pé eré ló ń ṣe, kò gbé ẹyọ kan mì. Ní òru ọjọ́ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo sáré lọ ra oúnjẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ẹyẹ, mo pò ó bí ògì, iná kò sì sí láti fi mú un gbóná dáadáa. Ó yẹ kó gbóná tó bí ìwọ̀n 40 ti Celsius. Bó bá tutù, á jókòó sínú àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀, á kan síbẹ̀. Bó bá gbóná jù, á jó o. Tèmi tutù, ó sì kan. Dókítà ẹran méjì tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ajá àti adìẹ ni wọ́n mọ̀. Nígbà tí mo fi rí ẹ̀kẹta, owó tí mo ti ná ju owó ẹyẹ lọ, ẹyẹ náà sì kú lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni cockatiel tó dá jẹun. Bí ẹ bá fẹ́ ọmọ dandan, ẹ san àsansílẹ̀, kó ṣe ọ̀sẹ̀ kan sí i lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á láìsí sírínjì. Ẹ gbé òṣùwọ̀n ilé ìdáná dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ẹyẹ tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 90 giráàmù, giráàmù mẹ́wàá tó bá dín kì í ṣe eré. Bí ẹni yẹn bá bínú sí òṣùwọ̀n, ẹ máa lọ sílé.

Ní ti ìkọ́ni, àgbà gba sùúrù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì rẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣe nǹkan tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ na ṣírí jéró sí i láàárín irin, kẹ́ ẹ máa dín in kù títí yóò fi máa jẹ ẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìgbà yẹn lẹ tó lè fi ìka kan ikùn rẹ̀ díẹ̀ lókè ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ ní "gùn ún." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Ẹ máa wo ìyẹ́ orí rẹ̀: bó bá lẹ̀ mọ́rí pẹ́tẹ́, tó ń pòṣé, ẹ̀rù ń bà á, ẹ fà sẹ́yìn. Ẹ má gbá a mú láéláé. Ọ̀sẹ̀ méje ni tèmi gbà. Ọmọ náà nílò ẹ̀kọ́ yìí bó bá dàgbà, torí bí a kò bá gbé e mọ́ra fún oṣù díẹ̀, ìbẹ̀rù á padà.

Èéfín jẹnẹrétọ̀, páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ tó gbóná jù, àti píà: ikú ni fún ọmọ, ikú ni fún àgbà.

Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ẹni tó wà nílé látàárọ̀ dalẹ́, tí iná kì í lọ ní ilé rẹ̀, tó sì mọ dókítà tó mọ ẹyẹ, kó ra ọmọ. Ẹni tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó lọ wo àwọn àgbà. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi báyìí ti kọ́ bí fóònù mi ṣe ń dún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìde láàárọ̀ yìí lọ gbé ìpè tí ẹnikẹ́ni kò pè.