Ṣọ́ọ̀bù tó bá mi rí ibi tómi ń gbà wọnú Solara mi l'Ádó-Èkìtì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo mọ́tò tó ń ṣí orí ní Èkìtì níbí, mo mọ̀ pé a ò pọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Toyota Solara 2006 ni mo rà ní tòkunbọ̀, èyí tórí ẹ̀ jẹ́ aṣọ tó ń ká sẹ́yìn fúnra ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò dà mí láàmú rí, V6 oní lítà 3.3 ni, irú èyí tó wà nínú Toyota Highlander ìgbà yẹn àti Lexus RX 330, kò sí mẹkáníìkì tí ò mọ̀ ọ́n l'Ádó. Timing belt, ìyẹn bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, nìkan ni mo sáré pààrọ̀, torí máìlì 90,000 ló yẹ kéèyàn pààrọ̀ ẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹni tó lò ó kí n tó rà á ṣe bẹ́ẹ̀. Orí mọ́tò gan-an ni wàhálà wà.

Bójò ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, kápẹ́ẹ̀tì ń rin gbindin, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká pamọ́ láì jẹ́ kó gbẹ. Ọjọ́ témi àtìyàwó mi ń lọ síbi òkú àgbà kan n'Íjerò ló dun mí jù, a ò tíì kọjá Ìyìn, mo tẹ bíréèkì báyìí, omi tó ti fara pamọ́ sẹ́yìn bá ṣàn wá síwájú, bàtà ìyàwó mi àti etí ìró ẹ̀ tutù pátápátá, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi débẹ̀.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án kó tó ní aṣọ ẹ̀ ti gbó, kí n mú ₦700,000 wá. Ẹnì kejì fi gírísì ẹ́ńjìnnì pa gbogbo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, nígbà tó yá rọ́bà bá wú, ó ń rọ̀ jọ̀ọ̀jọ̀ọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún wọn o! Sílíkọ́nì ni wọ́n fi ń pa rọ́bà yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi ló wá júwe ṣọ́ọ̀bù kékeré kan fún mi ní Ajílósùn, àwọn tó ń rán ìjókòó mọ́tò. Ọ̀gá ibẹ̀ ò dárúkọ owó rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tómi ń gbà wọlé ná." Ó ní kọ́mọ ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀ jókòó sínú mọ́tò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, òun wá ń fi ike da omi sórí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Aṣọ ò jò! Ibi tí aṣọ ń ká sí lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ihò kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ibẹ̀ ló yẹ kómi máa gbà jáde sábẹ́ mọ́tò, àmọ́ ewé máńgòrò àti eruku ọyẹ́ ti dí i pa, torí abẹ́ máńgòrò ni mo ń páàkì sí nílé. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ ló fi tú u, ó ní irin lè dá ọ̀nà omi náà lu. Ẹrẹ̀ dúdú tó jáde kì í ṣe kékeré. Wọ́n yọ ìjókòó, wọ́n sá kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún gíláàsì ẹ̀yìn tó ń ṣí kúrò lára aṣọ lẹ̀.

Òrùlé náà tún máa ń dúró lágbedeméjì tí mo bá ń ṣí i, mo ti rò pé mọ́tọ̀ kékeré tó ń fa òrùlé náà ló jó. Wọ́n wọn bátìrì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ra tuntun, ó ń ṣí geerege, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà lórí iná kéèyàn tó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ lọ́dọ̀ wọn: ọjọ́ méjì ni wọ́n dá fún mi, ọjọ́ márùn-ún ni mo gbà á, wọn kì í sì í tètè gbé fóònù. Igun gíláàsì kan wọ́ díẹ̀. Àmọ́ ₦48,000 péré ni gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ọ̀gá náà sì kọ́ mi pé kí n má ká aṣọ náà tó bá ṣì tutù torí ó máa hu, kí n má sì jẹ́ káwọn tó ń fọ mọ́tò fi ẹ̀rọ olómi líle fọ́n ọn.

Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Àìkú, mo jí, mo lọ fọwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì níwájú àti lẹ́yìn, ó gbẹ táútáú. Ìyàwó mi ti gbà láti tún wọ̀ ọ́.